Èéfín Ilé Metring

Wòlíì méjì la ní ní San Telmo lọ́dún yẹn, ọjọ́ Jímọ̀ kan náà sì ni àwọn méjèèjì mú. Wòlíì kìíní ni Tatay Kleto, bàbá àgbà kan tó ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe tipẹ́ kí Ọlọ́run tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Wòlíì kejì ni ẹyin pẹ́pẹ́yẹ. Tatay Kleto ní aago mẹ́ta ọ̀sán Jímọ̀ yẹn layé máa parí. Ẹyin pẹ́pẹ́yẹ ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ẹyin mọ̀ pé ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n lọmọ ń já jáde. Tẹ́ ẹ bá wá ka ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n láti Sátidé tí Ate Metring kó ẹyin sínú apẹ̀rẹ̀, Jímọ̀ yẹn gan-an lẹ máa bá.

Èmi Badong ni mo ń sọ ọ́, mo sì wà níbẹ̀. Balut ni mo ń tà: ẹyin pẹ́pẹ́yẹ tí ọmọ ti ń dá sí nínú, tí wọ́n sè, téèyàn ń fi iyọ̀ àti fíníga jẹ. Kẹ̀kẹ́ ni mo fi ń kiri, apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, ohùn níwájú. Ohùn mi yìí, wọ́n máa ń gbọ́ ọ ní òdìkejì adágún. Ate Metring kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi nípa ẹ̀jẹ̀ o, ṣùgbọ́n obìnrin tó bá jù ẹ́ lọ, Ate ni, ọkùnrin tó bá jù ẹ́ lọ, Kuya ni. Ọkọ ẹ̀ wá ni Kuya Ponso.

Kò sílé tí wọ́n ti ń ṣe balut dáadáa tó tiwọn. Wọn ò ní ẹ̀rọ kankan. Apẹ̀rẹ̀ ọparun gíga gíga ni, ìyàngbò ìrẹsì yí i ká. Wọ́n á yan ìrẹsì eléèpo nínú agbada irin títí á fi gbóná, wọ́n á dì í sínú àpò aṣọ, wọ́n á tẹ́ ẹ sáàárín ẹyin, ìpele lórí ìpele, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹni tó bá kọjá nítòsí ilé náà máa mọ̀ pé wọ́n ń yan ìrẹsì, torí èéfín ẹ̀ ń yọ lókè òrùlé bíi ti ọkọ̀ ojú irin. Ní ti bí ooru ṣe gbọ́dọ̀ mọ, ìpéǹpéjú Kuya Ponso ni. Á mú ẹyin kan, á gbé e lé ìpéǹpéjú òsì, á dákẹ́ bí ẹni tó ń wá iléeṣẹ́ rédíò ìlú òkèèrè. Lẹ́yìn náà á ní, "Ó kù díẹ̀," tàbí kó ní, "Ó ti tó." Mi ò rí i kó ṣì í rí.

Ọ̀rọ̀ Tatay Kleto wá dé. Ìjì ló dojú ọkọ̀ ẹ̀ dé lórí adágún, wọ́n fà á jáde, a rò pé ó ti lọ. Ìgbà tó máa lajú, ọjọ́ kan ló wà lẹ́nu ẹ̀. Ó so okùn yí ìdí Òkè Mabilog ká, ó ní ẹni tó bá fẹ́ là kó gòkè kó tó di Jímọ̀, ẹni tó bá sì gòkè tó tún rékọjá okùn padà, wọ́n ti fa igi lé orúkọ ẹ̀ nìyẹn. Ó tún ní kí ẹnikẹ́ni má fi ohun ọ̀sìn sílẹ̀ de iná. Ẹ mọ̀ pé ìlú pẹ́pẹ́yẹ la wà. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko la fi pa wọ́n, la fi jẹ wọ́n. Èmi ò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ tán, ṣùgbọ́n mo gba ọbẹ̀ ẹ̀ gbọ́ dáadáa.

Ọjọ́ tí ẹyin pé ọjọ́ méjìlá nínú apẹ̀rẹ̀ ni Kuya Ponso di ẹrù ẹ̀. Èmi ni mo wá gbé e lórí kẹ̀kẹ́ débi okùn, torí náà etí mi wà níbẹ̀.

"Ponso," Ate Metring ní, "ẹyin wà nínú apẹ̀rẹ̀."

"Metring, ayé ń parí."

"Ẹyin ò tíì gbọ́."

Kuya Ponso ò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ẹrù ẹ̀ hàn án. Aṣọ ìbora kan, rósárì kan, àti gáùn kékeré aláwọ̀ ewé. Gáùn Luningning ni. Ọmọ wọn kan ṣoṣo nìyẹn, omíyalé ló gbé e lọ lọ́dún méjì ṣáájú, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

"Wọ́n ní àwọn tó ti kú máa dìde," ó ní. "Ó máa nílò ohun tó máa wọ̀. Ìwọ ò fẹ́ rí i ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo táyà kẹ̀kẹ́ mi. Ate Metring gba gáùn náà, ó tún un ká dáadáa, ó dá a padà fún un.

"Má bi mí ní ìbéèrè yẹn mọ́," ó ní. "Tí Luningning bá dìde, ó mọ ọ̀nà ilé. Ilé yìí ló máa wá, kì í ṣe orí òkè tí kò dé rí. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nílé."

Ó sì wọlé lọ yí ẹyin.

Èmi náà gòkè o. Mi ò ní pa irọ́ fún yín. Ọjọ́ méjì ni mo lò. Ẹ̀kọ ìrẹsì ni wọ́n ń fún wa, omi ju ìrẹsì lọ, kò sì sí iyọ̀ nínú ẹ̀ torí ààwẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo sọ fún Tatay Kleto pé ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ẹsẹ̀ ò dùn mí. Wọ́n fa igi lé orúkọ mi, mo lọ jẹ ẹja yíyan.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹyin pé ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Ọjọ́ tí wọ́n máa ń kó balut nìyẹn. Mo gbé kẹ̀kẹ́ lọ sílé wọn.

"Ate, mo wá kó ọjà."

"Ta lo fẹ́ tà á fún? Ìlú wà lórí òkè, wọ́n ń mu ẹ̀kọ."

"Mo lè gbé e kọjá sí ìlú kejì."

Ó jókòó sórí àpótí, ó ń nu ọwọ́. "Badong, pẹ́pẹ́yẹ mélòó ló kù ní San Telmo?"

Mo ronú. "Ọ̀kan. Ti Lola Sepa."

"Akọ ni àbí abo?"

"Akọ ni. Ó sì yarọ."

"Ó dáa. Lọ́jọ́ Sátidé, tí àwọn èèyàn yẹn bá sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ebi, ṣé akọ tó yarọ ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀ ayé? Ẹgbẹ̀rún ẹyin ló wà nínú àwọn apẹ̀rẹ̀ yìí. Ìyẹn ló kù nínú gbogbo pẹ́pẹ́yẹ ìlú yìí. Mi ò ní sè wọ́n. Wọ́n máa jáde."

"Tí ayé bá wá parí lóòótọ́ ńkọ́?"

"Á bá mi nídìí ẹyin. Ọlọ́run mọ̀ pé iṣẹ́ mi nìyẹn, kò ní yà á lẹ́nu. Ṣé o máa ràn mí lọ́wọ́ ni, àbí o fẹ́ dúró síbẹ̀ bí òpó iná?"

Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn. Igi ni mò ń ṣẹ́, omi ni mò ń pọn. Kò jẹ́ kí n dé ìdí apẹ̀rẹ̀, ó ní ọwọ́ mi ń rùn fún gírísì.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà, kò sì fi í pa mọ́ fún mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń ṣe balut, ṣùgbọ́n balut kì í kọjá ọjọ́ méjìdínlógún. Ọ̀nà láti mú ẹyin dé ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, kí ọmọ já láìkú sínú èèpo, ọ̀tọ̀ ni. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n máa tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n á máa wọ́n omi sí i, wọ́n á mọ èyí tí wọ́n á ràn lọ́wọ́ àti èyí tí wọ́n á fi sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ìyẹn, Kuya Ponso ló kọ́ ọ lọ́dọ̀ bàbá ẹ̀, kò sí ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n ní San Telmo.

Nítorí náà, lọ́jọ́bọ̀, ó lọ sídìí okùn lọ bá ọkọ ẹ̀.

"Ponso, ọjọ́ ogún rèé. Mo fẹ́ kí wọ́n jáde. Sọ̀kalẹ̀ wá tẹ́ wọn fún mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn náà kó o padà sókè."

"Mi ò lè padà sókè. O mọ òfin okùn."

"Òfin ta ni?"

"Metring, ọ̀rọ̀ ọmọ wa ni mo bá wá síbí. Mi ò lè tìtorí ẹyin pàdánù ẹ̀."

Ó bẹ̀ ẹ́. Mo rí i tó fi ọwọ́ méjèèjì di okùn náà mú tó ń bẹ̀ ẹ́, obìnrin tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin náà yíjú sí orí òkè, ó gùn ún lọ. A padà dé ẹnu ọ̀nà ilé, èmi àti Ate Metring. Ó wá ní, "Badong, lọ bá mi kó èèpo àgbọn wá. Púpọ̀. Kó jẹ́ tútù."

"Tútù kẹ̀, Ate? Tútù ò ní jó o."

"Ṣé mo ní kó jó?"

Mo rò pé ìbànújẹ́ ti dà á lórí rú. Mo kó o wá.

Láti Sátidé, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́yìn ilé Metring. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ mọ́. Àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́. Èéfín funfun nípọn bí òwú, ó ń gun ọ̀run lọ tààrà, torí kò sí atẹ́gùn lọ́sẹ̀ yẹn. Tẹ́ ẹ bá wà lórí Òkè Mabilog, kò sóhun tẹ́ ẹ lè wò tí kò ní jẹ́ òun.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè mo gbé omi lọ fún àwọn ará òkè, torí mo ṣì ní ẹ̀rí ọkàn díẹ̀. Kuya Ponso ti dúró dè mí nídìí okùn.

"Badong, ta ló ń dáná nílé mi?"

"Ate ni."

"Kí ló ń yàn?"

"Ìbéèrè wo nìyẹn, Kuya? Ìrẹsì náà ni, kí ló tún kù?"

Ó fi ọwọ́ lé orí. "Ìrẹsì yíyan ní ọjọ́ kẹtàlélógún? Láti ogún ọjọ́ lọmọ inú ẹyin ti ń mú ooru tiẹ̀ jáde. Ó ń sè wọ́n láàyè. Sọ fún un kó yéé dáná."

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà. Ate Metring ń tún aṣọ rán, kò gbójú sókè. "Sọ fún un pé ẹni tí ayé ẹ̀ máa parí ní Jímọ̀, kí ló kàn án nínú ẹyin tó jóná ní Sọ́ńdè?"

Mo jẹ́ ìyẹn náà. Lọ́jọ́ Ajé Kuya Ponso rán mi padà: "Sọ fún un pé mo bẹ̀ ẹ́. Sọ fún un pé kó mú ẹyin kan, kó gbé e lé ojú. Tó bá ta á, kó kó gbogbo àpò ìrẹsì kúrò."

"Sọ fún un pé ojú mi kì í ṣe ojú ẹ̀," Ate Metring ní. "Sọ fún un pé mo gbọ́, pé mo ti fi igi kún un."

Ó sì fi kún un. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Lola Sepa, ìyá àgbà tó ti fẹ́ẹ̀ má ríran mọ́, ń béèrè bóyá ayé ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó ṣáájú ọjọ́.

Lórí òkè, wọ́n sọ fún mi pé Kuya Ponso ò lè gbàdúrà mọ́. Àwọn yòókù ń kojú sí ìlà oòrùn, òun ń kojú sí òrùlé ẹ̀. Wọ́n bá ń ka Baba Wa, á dé "oúnjẹ òòjọ́ wa", á dúró.

Lọ́jọ́rú, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, ó di ẹrù ẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ wá sídìí okùn. Mo wà níbẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi. Tatay Kleto tẹ̀ lé e. Kò pariwo. Bàbá náà kì í pariwo, ìyẹn ló jẹ́ káwọn èèyàn gbà á gbọ́.

"Ponso, ọjọ́ méjì ló kù. Tó o bá rékọjá okùn yìí, mi ò ní rí orúkọ ẹ mọ́."

"Mo mọ̀, Tatay."

"Ọmọ ẹ ńkọ́?"

Kuya Ponso wo ẹrù ọwọ́ ẹ̀. Ó dúró, bí àkókò téèyàn fi ń ka Baba Wa kan parí, ó sì lè jẹ́ pé òun gan-an ló ń kà. "Ẹgbẹ̀rún kan ló wà níbẹ̀ tó ń mí, Tatay," ó ní. "Mò ń wo èéfín wọn." Ó wá gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé ìkejì.

Mo ní kó gun kẹ̀kẹ́, kò gbọ́. Ó sáré ni. Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, sálúbàtà kan jábọ́ lọ́nà, èmi ni mo ṣà á. Nígbà tí mo máa dé, ó ti ki ọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ dé èjìká. Ó fa ẹyin kan yọ, ó gbé e lé ìpéǹpéjú òsì.

Ó dá a padà.

Ó mú òmíì láti ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ kejì. Ó mú òmíì láti ẹ̀kẹta. Ate Metring dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ká apá mọ́ àyà.

"Ó ti tó," Kuya Ponso ní, bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

Ó kọjá lára ìyàwó ẹ̀, ó lọ sẹ́yìn ilé. Agbada irin wà lórí ààrò. Kò sí ẹyọ ìrẹsì kan nínú ẹ̀. Abẹ́ ẹ̀, èèpo àgbọn tútù ló ń rú, kò jó, kò kú.

"Metring."

"Mo ń gbọ́."

"Kò sí ìrẹsì nínú agbada yìí."

"Kò sí."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ ogún. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lo ti ń sọ ọ́ létí mi, ṣé o rò pé mo di létí ni?"

"O tàn mí."

"Èéfín ni mo dá, mi ò dá ju ìyẹn lọ. Mo bẹ̀ ẹ́, o kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo wá wò ó pé ojú ẹ ṣì wà níbí, ara ẹ ló lọ." Ó mú omi, ó dà á sórí èèpo àgbọn náà, ó pa á. "Ọ̀nà òkè nìyẹn. Mi ò tilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ọ̀la la máa tẹ́ wọn, Ponso, mi ò sì mọ̀ ọ́n. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀tàn."

Èmi dúró pẹ̀lú sálúbàtà kan lọ́wọ́, mò ń wá ibi tí mo máa wò. Kuya Ponso ṣì mú ẹyin kan dání. Ó gbé e sí etí, kì í ṣe ojú. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó wá nawọ́ ẹyin náà sí ìyàwó ẹ̀, òun náà gbé e sí etí, mo rí i tí ojú ẹ̀ yí padà. Lẹ́yìn náà wọ́n rántí mi, wọ́n gbé e sí etí tèmi. Nǹkan kan ń kan ògiri nínú ẹ̀, jẹ́jẹ́, bí àlejò tó mọ̀ pé ilé ò jìnnà.

Kuya Ponso bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. "Badong, fọ ọwọ́ ẹ," ó ní. "Fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

Lọ́jọ́bọ̀ a tẹ́ ẹgbẹ̀rún ẹyin sórí ìyàngbò, gbogbo ilẹ̀ yàrá, a fi aṣọ bò wọ́n. A ń wọ́n omi. Jímọ̀ mọ́, èèpo ti ń là níbi gbogbo, igbe kéékèèké ti gba ilé. A ò rójú jẹun. Ẹ ò gbọ́dọ̀ rò pé Kuya Ponso ti gbàgbé ọjọ́ o. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́ta lù, ó fọ ọwọ́, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, ó mú gáùn aláwọ̀ ewé náà jáde, ó jókòó sórí ìjókòó pẹ̀lú ẹ̀ lórí itan. Mo ti ní ẹ̀fẹ̀ kan lẹ́nu, ó dáa gan-an, mo gbé e mì.

Ate Metring fi ìyàngbò nu ọwọ́, ó wá jókòó tì í, ó di ọwọ́ ẹ̀ mú. Àwọn méjèèjì kojú sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ gbọ́ mi o: obìnrin yẹn náà ń wo ẹnu ọ̀nà.

Aago mẹ́ta lù. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún. Rédíò kéde aago, ó sì polówó ọṣẹ ìfọṣọ. Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ kan gun ẹsẹ̀ Kuya Ponso, ó jókòó síbẹ̀.

Nígbà tí rédíò ti ń kọ orin kejì, Ate Metring gba gáùn náà, ó ká a, ó dá a padà sínú àpótí.

"Kì í ṣe òní," ó ní. "Lọ́jọ́ tó bá jẹ́, ó máa bá a níbí."

Kuya Ponso sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní ẹyin apá ọ̀tún fẹ́ omi.

Sátidé làwọn ará òkè sọ̀kalẹ̀, orí wálẹ̀, wọn ò wo ojú ara wọn. A ti gbé apẹ̀rẹ̀ sídìí okùn. Ẹgbẹ̀rin lé ní ogójì ọmọ pẹ́pẹ́yẹ, ofeefee, ariwo wọn bí ọjà. Ate Metring ń bu wọ́n sínú fìlà, sínú ìṣà, sínú aṣọ ìborí, ẹnikẹ́ni tó bá kọjá. Kò bú ẹnì kan. Ohun kan náà ló ń sọ fún gbogbo wọn: "Gbé wọn sún mọ́ ooru. Tí wọ́n bá yé ẹyin, mú ẹyin wá síbí."

Tatay Kleto ló kẹ́yìn. Àwọn èèyàn yà fún un. Bàbá náà ti gbẹ bí ẹja tí wọ́n sá sóòrùn.

"Ìṣirò mi ló ṣì," ó ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Ẹ gba méjìlá, Tatay," Ate Metring dá a lóhùn. "Ẹ fara balẹ̀ kà wọ́n."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá náà gan-an fẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó kó wọn sínú àyà ẹ̀wù, ó sì ń lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó gbé ẹyin.

Èmi náà na fìlà mi. Ate Metring wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ, pẹ̀lú gírísì ọwọ́ ẹ?" Ó fún mi ní márùn-ún. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí a padà sílé, ó ku bí ọgọ́jọ ẹyin lórí ìyàngbò tí kò tíì là. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn sínú kẹ́ẹ̀gì láti lọ dà wọ́n nù. Kuya Ponso gbà á lọ́wọ́ mi. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé wọn lé ìpéǹpéjú òsì. Èyí tó tutù, ó yà á sọ́tọ̀. Ó wá mú ọ̀kan tí kò tutù. Ó dá a padà sábẹ́ aṣọ, ó sì fọwọ́ tẹ ìyàngbò yí i ká.

"Fi í sílẹ̀," ó ní. "Ó lè jáde lọ́la."